Lẹ́nu Ọ̀nà Onílé: Àkọsílẹ̀ láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Rìsíìtì kíkà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, níbi tí a ti ń gbèjà àwọn ayálégbé. Ìyá kan láti Igbógbo kó tirẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, eku ti jẹ etí àwọn kan nínú wọn. Lórí èyí tó ṣe pàtàkì jù, lánlọ́ọ̀dù kọ iye owó, ó buwọ́ lù ú, kò sọ oṣù tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Lánlọ́ọ̀dù ní owó ti tán ní oṣù Kẹfà. Ìyá ní ó di Kejìlá. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì: ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti sáà tí owó náà wà fún. Onílé tí kò bá fúnni ní rìsíìtì yóò san ìtanràn ₦10,000.

Òfin yẹn kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ó kan Ìkòròdú, ó kan Ẹ̀pẹ́. Mo máa ń sọ èyí sókè ketekete fún àwọn tó rò pé olówó nìkan ni òfin wà fún.

Ajẹ́ńtì ń gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ọdún kan ni òfin gbà. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í fẹjọ́ sùn? Ẹni tó san owó náà rúfin bíi ti ẹni tó gbà á: ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Lójú tèmi, ibí yìí ni òfin náà ti di ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò ríbi sùn kọ́ ló ń yan iye tí yóò san.

Èmi àti akẹgbẹ́ mi kan pe ajẹ́ńtì kan náà lórí yàrá kan àti pálọ̀ ní àdúgbò Agric. Ìkòròdú ni wọ́n bí akẹgbẹ́ mi yìí sí, ṣùgbọ́n orúkọ Igbo ló ń jẹ́. Òun ló kọ́kọ́ pè. Ajẹ́ńtì béèrè orúkọ rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, madam, wọ́n ti gbà á.” Kò pẹ́ tí èmi náà pè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó lọ́la, ẹ mú owó fọ́ọ̀mù dání.” Akẹgbẹ́ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé wa.

Ní Amẹ́ríkà, irú ìpè méjì bẹ́ẹ̀ lè di ẹjọ́. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ilé ní 1968 ti ka irọ́ pé ilé ti tán léèwọ̀. Nígbà tó di 1982, nínú ẹjọ́ Havens Realty v. Coleman, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbà pé ẹni dúdú tó béèrè ilé láti fi dán onílé wò, tí wọ́n sì purọ́ fún un, lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Níbí ńkọ́? Àpilẹ̀kọ 42 nínú ìwé òfin wa ti 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ obìnrin fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ òfin àti iṣẹ́ ìjọba ló ń bá wí. Òfin 2011 sì ń dáàbò bo ayálégbé. Ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì di ayálégbé.

Ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní London nígbà náà lọ́hùn-ún mọ ìdápadà yìí dáadáa. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1965 lórí ìyàsọ́tọ̀ kò kan ilé; 1968 ni wọ́n tó fi ilé kún un. Ohun tó dùn wá níbẹ̀ kò yẹ kó dùn mọ́ wa níbí.

Ní Odógunyàn, mo rí yàrá kan tí onílé yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò. Ojú ìṣó ṣì wà lára férémù, wọ́n fi ìṣó kan aṣọ àǹkárá síbẹ̀. Lábẹ́ òfin 2011, ẹni tó ń san owó ọdún ní ẹ̀tọ́ sí kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí àdéhùn kò bá sọ mìíràn. Lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kó tó kan kóòtù. Ẹni tó bá fipá lé ayálégbé lè san ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá sí Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú tó ti wà níbẹ̀ gbà wọ́n. Títí dòní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ jọ wà nínú ìlú kan. Mo máa ń rántí èyí bí onílé kan níbẹ̀ bá ní òun kì í gba àjèjì.

Ìjọba Èkó ní Citizens' Mediation Centre láti 1999, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, mo tẹ̀ lé ọkùnrin ayálégbé kan débi ìlàjà. Onílé ni màmá àgbà kan, opó ni. Owó yàrá méjì ló ń jẹ. Ọkùnrin náà ti jẹ ẹ́ ní gbèsè tipẹ́. “Ọmọ mi, kí ni kí n máa jẹ?” Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀, kó kúrò lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá parí WAEC. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi fún ọ̀gá wa pé ó yẹ kí a máa gba irú màmá bẹ́ẹ̀ náà lálejò ní ọ́fíìsì.