Kẹ́ Ẹ Tó Náwó ní Ládípò

Ládípò ní Mushin, l'Ékòó: ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ gun ara wọn bí ẹrù iṣu, àwọn ọmọkùnrin ń fa èèyàn láṣọ. "Màmá, kí lẹ fẹ́ rà?" Ìyá ọlọ́jà tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn nínú mọ́tò rẹ̀, kó má tíì dá wọn lóhùn o! Kí ríwáyà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. P0301 ń sọ pé epo inú sìlíńdà kìíní kì í jó dáadáa. Kò ní kọ́ìlì ló bàjẹ́, ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì. Kó fi kọ́ìlì ibẹ̀ sí ìkejì, kó pa nọ́ńbà rẹ́ (ẹni tó bá pa á rẹ́ lásán tó gbowó, jìbìtì ló lù), kó wà á díẹ̀. Tó bá di P0302, ọwọ́ ba olè nìyẹn. Àmọ́ tí iná bá ń ṣẹ́jú, kó páàkì kíá. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni kó tó wá bèèrè ní Ládípò: "Èló ni kọ́ìlì kan?"