Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Sẹ́ẹ̀lì Lọ́kọ̀ọ̀kan

Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe ni ó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ń lọ àìmọye sẹ́ẹ̀lì pọ̀, tí èsì yóò sì jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ìka kò dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì pàápàá kò sì dọ́gba. Àbùkù yìí ni ọ̀nà àyẹ̀wò tí a ń pè ní flow cytometry mú kúrò, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ó ń wò, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọjá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Inú omi ni sẹ́ẹ̀lì máa ń wà kí ẹ̀rọ tó fà á. Omi mìíràn tí ń sáré yí i ká ni yóò há a mọ́ àárín, títí gbogbo wọn yóò fi tò tẹ̀lé ara wọn kọjá níwájú iná lésà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba iwájú ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó, èyí tí ó fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ sì ń sọ bí hóró ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Láti mọ irú sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́, a ó lo áńtíbọ́dì, èyíinì èròjà tí ara fi ń dá àjèjì mọ̀, tí a ti so aró tí ń tàn mọ́. Bí ó bá rí purotéènì tí ó bá a mu lára sẹ́ẹ̀lì, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, aró náà yóò sì tàn nígbà tí lésà bá kàn án. Ọ̀nà yìí ni ilé ìwòsàn fi ń ka sẹ́ẹ̀lì CD4, èyíinì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ń gbèjà ara, nínú àwọn tí wọ́n ní kòkòrò HIV, ní Nàìjíríà náà. Bí iye rẹ̀ bá kéré ju 200 lọ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, àrùn ti wọra gan-an.

Kì í ṣe kíkà nìkan ni irú ẹ̀rọ yìí lè ṣe. Ní 1965, Mack Fulwyler, onímọ̀ kan ní Los Alamos, Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n tí onímọ̀ ẹ̀rọ Richard Sweet fi ń darí ẹ̀kán yíǹkì ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣa sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀. Leonard Herzenberg ní yunifásítì Stanford sì mú aró tí ń tàn wọ inú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kọ́ ni ó ń pinnu. Lójú kọ̀ǹpútà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á di tóótòòtó kan, olùwádìí ni yóò sì fa ààlà yí àwọn tí ó fẹ́ kà ká. Bí ó bá sún ààlà náà díẹ̀, iye á yí padà. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú a máa gba áńtíbọ́dì tí kì í ṣe tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aró kan a sì máa ya wọ ti èkejì. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ wo sẹ́ẹ̀lì tí a kò fi aró kankan sí, kí a sì wo aró kọ̀ọ̀kan lóun nìkan. Ìwádìí tí kò bá fi èyí hàn, tí kò sì sọ ibi tí ó fa ààlà rẹ̀ sí, iye tí ó kọ sílẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.