Ibi tí mo gbé ọmọ dé tí n kò sọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ewé yìí, àṣìṣe ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín lónìí.

Nígbà tí èéyi mú ọmọ-ọmọ mi ní Ìkọ̀lé, òṣìṣẹ́ ìlera wá sílé, ó ní: "Ìyá, níbo lẹ gbé ọmọ yìí dé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì yìí?" Mo ní a ò lọ síbì kankan. Irọ́ ni. A ti lọ síbi ìkómọjáde n'Ídòó, ọmọ náà sì sun ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ìtìjú ló mú mi, torí pé a ò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Èéyi sì rèé, láti bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó sú síta ló ti ń ran ẹlòmíì.

Kò pẹ́ tí wọ́n pè mí láti Ìdó. Ọmọ méjì nílé àbúrò mi ti wà lọ́sibítù. Orí yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ojú èyí tó kéré jù kò ríran dáadáa mọ́ títí dòní.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́ ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó fi bírò tẹ àmì róbótó fún ìlú kọ̀ọ̀kan: Ìdó, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò. Ó fa ìlà láàrin àwọn tí mọ́tò ń ná. Ó ní àìsàn kì í ka máìlì, mọ́tò ló ń wọ̀. Òótọ́ ni. Èkó jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ lè bá wa jẹun alẹ́ n'Ìkọ̀lé, nígbà tí abúlé ẹ̀yìn oko wa lè má rí àlejò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ní ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yẹ gbogbo ìlú tó kàn án wò, kó tó bọ́ sí àwọn tó kan ìyẹn, kò sì ní padà sí èyí tó ti yẹ̀ wò. Orúkọ òyìnbó tó pe ọgbọ́n yìí kò dúró lórí mi.

Mo ní: "Tí o bá gbàgbé láti fa ìlà kan ńkọ́?"

Ó ní: "Kò ní débẹ̀ láé, Màmá."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ń bi.

Ẹ rántí Ẹ̀bólà ọdún 2014. Patrick Sawyer bá bàálù dé Èkó láti Làìbéríà, ó gba Lomé kọjá, ní 20 oṣù keje. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó jáde lọ́sibítù. Àìsàn náà ló pa dókítà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ẹni tó bá a pàdé, wọ́n wá ẹni tí ìyẹn náà bá pàdé, títí wọ́n fi kọ orúkọ èèyàn 894 sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Síbẹ̀, ẹnì kan yọ́ lọ sí Port Harcourt, ó gba ìtọ́jú níkọ̀kọ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kú. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, kó tó di pé wọ́n kéde ní 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán.

Ká ní mo sọ Ìdó ni, wọn ì bá ti tètè débẹ̀, kí wọ́n fún àwọn ọmọ yẹn ní fítámì A tó ń dáàbò bo ojú, kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ àdúgbò ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ èéyi báyìí o, ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lọ́dún tó kọjá ni mo tó sọ fún àbúrò mi. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá ti sọ fún wọn."