Òdòdó Aláwọ̀ Aró Nínú Ọgbà Wa

Ìyá wa ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó ń gbé ní Québec fi àwòrán òdòdó kan ránṣẹ́ sórí fóònù, a sì gbé e sún mọ́ ojú Ìyá, nítorí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n wò ó títí. "Àyìnrín nìyí," ni wọ́n wí, "aṣọ tí ó wọ inú aró lẹ́ẹ̀kan péré. Ta ló pa òdòdó láró?" Aláró ni Ìyá wa ní Kétu kí wọ́n tó bá Bàbá wa wá sí Kútọ̀nú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí òdòdó náà láàyè kí ìmọ́lẹ̀ ojú àwọn tó tán.

Pavot bleu ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Òun ni àmì Jardins de Métis, ọgbà tí Elsie Reford bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ní 1926 nítòsí odò Saint-Laurent, tí wọ́n sì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 1962. Ṣùgbọ́n àlejò ni òdòdó náà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí àwọn òkè Himalaya àti ilẹ̀ Tibet ni ilé rẹ̀, níbi tí òtútù àti ìkùukùu kì í ti í wọ́n. Ní Tibet ni Frank Kingdon-Ward ti kó irúgbìn rẹ̀ ní 1924, ó sì mú un wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí irúgbìn tí Ẹ̀gbọ́n wa rà dé ọwọ́ wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Kò tóbi ju ẹyọ iyanrìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn kò sì wọ́n wa ní Kútọ̀nú, àwa tí a ń gbé láàárín òkun àti ọ̀sà Nokoué. A wá ilẹ̀ dúdú, a kù ú, a dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. A ti fi irúgbìn náà sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì àti ẹja, kí ó lè rò pé ìgbà òtútù ti kọjá. A wọ́n ọn sórí ilẹ̀ láìbò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń jí.

Oṣù Ògún ni a yàn, nítorí òun ni ara máa ń tù wá jù ní ìlú yìí. Síbẹ̀, ìwọ̀n 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni irúgbìn náà ń fẹ́, alẹ́ tiwa kì í sì í sábà lọ sísàlẹ̀ 22. Lójoojúmọ́ ni a ń to ìgò omi dídì yí àwo náà ká. Àwọn aládùúgbò fi wá ṣẹ̀fẹ̀: wọ́n ní a ń fi yìnyín wo koríko bí ẹni wo ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mọ́kànlá hù. A fa ọwọ́ Ìyá lọ síbẹ̀, wọ́n fi orí ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kà wọ́n. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ìdí wọn dúdú, gbogbo wọn ṣubú. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ fún òru méjì, ó sì rọrùn fún wa láti di ẹ̀bi rù ú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ti kà láti ọ̀sẹ̀ kejì, tí a kò sọ fún Ìyá: bí ó bá tilẹ̀ yè, òdòdó yìí lè lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tanná. A mọ̀ pé ojú Ìyá kò ní dúró dè é. A kàn ń bu omi sí i ni.

A jẹ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ ò gbin elú?"

Àbúrò wọn ní Kétu fi èso elú ránṣẹ́. A rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà nínú òjò oṣù Ọ̀wàrà. Kò béèrè yìnyín. Ó ti ń gun ọgbà náà báyìí, ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò mọ̀ pé aró wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá a já ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé kan, wọn a rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọn a nà án sí wa. Ojú wọn kò ríran dé ibẹ̀ mọ́.

"Ṣé ó ti ń yí padà?"

A tẹ̀ba, a ń wò ó.