Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lẹ́nu Nọ́ọ̀tì

Láti Ìbàdàn dé Ṣakí, oòrùn pa mí, ọ̀nà sì gbọ̀n mí bí asẹ́. Lẹ́yìn Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí, bí mo bá ti bọ́ sí kòtò, abẹ́ alùpùpù mi á dún kọ́-kọ́, ìdí rẹ̀ á sì máa jó lọ jó bọ̀.

Honda CRF250L ni. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló ní lẹ́yìn. Àwọn irin kéékèèké tí bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè ló so ó mọ́ fọ́ọ̀kì tó di táyà mú. Àwọn ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì rọ̀ lórí gbágungbàgun, kó sì le bí kòtò bá jìn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, nítorí náà àwọn ni ẹrẹ̀ kọ́kọ́ ń bá. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn mẹ́káníìkì mi ti yẹ̀ wọ́n wò n'Íbàdàn, wọ́n ní kò sí wàhálà.

Ní Ìgbòho, mo bá bàbá mẹ́káníìkì kan lábẹ́ igi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi tàítì nọ́ọ̀tì yìí, Kíṣí ni mò ń lọ."

Wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn sókè díẹ̀, wọ́n mì í. "Ọmọ mi, èyí kọjá ká tàítì ẹ̀. Bóòtù tó bá ń mì, ihò ló ń jẹ."

Wọ́n gbé alùpùpù sórí àpótí kí táyà má baà kanlẹ̀, wọ́n yọ bóòtù, wọ́n nù ún, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ibì kan lára rẹ̀ ń dán, ó sì ti jẹ wọnú díẹ̀. Gírísì inú bíárìn tó yí bóòtù ká ti gbẹ di erùpẹ̀ pupa. "Èyí á gbé ọ délé. Tóo bá délé, ra tuntun, tòun ti nọ́ọ̀tì."

Wọ́n fọ bíárìn, wọ́n fi gírísì tuntun sí i. Nígbà tí bóòtù há, mo nawọ́ sí òòlù. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Bí ihò bá ti ṣe déédéé, á wọlé fúnra ẹ̀." Wọ́n gbé táyà sókè díẹ̀, bóòtù sì yọ̀ wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n fi sípánà mi tó ń wọn agbára dè é, ní iye tí ìwé alùpùpù kọ: bó bá dẹ̀, á tú, bó bá le jù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì á jẹ.

Wọ́n wá ní kí ọmọ-ọmọ wọn mú kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wá. Wọ́n fa ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. "Bí ìlà yìí bá já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti rìn. Máa wò ó, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán."

Ìgbòho ló gba Aláàfin mẹ́rin mọ́ra nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Kò yà mí lẹ́nu pé ó gba èmi náà. Ìlà pupa yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Òṣìṣẹ́ tó fi àmì sílẹ̀ kí a lè fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ti fi orúkọ rẹ̀ dúró. Àwọn tó da ọ̀dà sójú ọ̀nà wa, tí òjò ọdún kan sì wọ́ ọ lọ, àmì wo ni wọ́n fi sílẹ̀?

Mo dé Kíṣí, mo sì padà. Ọjọ́ kejì, mo gbé ìgò kútẹ́ẹ̀sì kan lọ fáwọn mẹ́káníìkì mi n'Íbàdàn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá dè fún mi, kí wọ́n fa ìlà sí i.