Ẹjọ́ Apá Méjì Kí A Tó Rẹ Aṣọ

Iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ ṣe báyìí dá lórí àwọn tó jápa àti àwọn tó dúró nílé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ fi ṣe é. N kò tíì se ẹ̀kọ, èrò ni mo ṣì ń rò. Ìdí èrò yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ọlọ́nà á ti dá ẹjọ́ kó tó yàwòrán. Bí ilé bá ń ṣe é láàánú, á ya ẹni tó lọ bí ọmọ tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun náà ń wá físà, á ya ilé bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn: ọ̀rọ̀ yìí kan ọlọ́nà bó ṣe kan adájọ́. Ni mo bá kọ ẹjọ́ apá méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó lọ ní owó oṣù òun kì í tó oṣù, àbúrò sì ń retí owó ilé ìwé. Ẹni tó dúró ní, bí àìsàn bá kọ lu Màmá lóru, ta ni yóò gbé wọn dé ọsibítù? Mo kà á tán, n kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ìgbà náà ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń ya sára aṣọ.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ irú ìjà yìí dáadáa. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ funfun, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Wọ́n á ti aṣọ bọ ìkòkò aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, tí àwòrán á yọ. Bí aró bá borí pátápátá, kò sí àwòrán. Bí funfun bá borí, kò sí àdìrẹ.

Ẹ wo àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngán Mápó ní Ìbàdàn, tí ìjọba amúnisìn ṣí ní 1929, wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Ilé àṣẹ àti ohun èlò oúnjẹ fara kanra, ìkankan kò sì forí balẹ̀ fún èkejì.

Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ẹpa, ère agbélórí tí wọ́n ń gbé jó lọ́jọ́ ọdún. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lára. Ojú ńlá tó ń dẹ́rù bani wà nísàlẹ̀, ère tí wọ́n fara balẹ̀ dán wà lókè: jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá tí ọmọ yí ká. Ẹni tó ń gbẹ̀mí àti ẹni tó ń bímọ, ọdún kan náà ni wọ́n ń bá jáde. Wọn kò pò wọ́n pọ̀ di ẹ̀dá kan, àyè ni wọ́n fún olúkúlùkù.

Àyè ni èmi náà ń wá, n kò wá ìlàjà. Mo fẹ́ pín aṣọ náà sí àyè onígun mẹ́rin-mẹ́rin, báàgì ìrìnàjò nínú ọ̀kan, àga Màmá nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé etí aṣọ. Fóònù ni n ó fi ṣe ààlà, nítorí òun ni owó àti ìkíni ń gbà kọjá láàárín wọn.

Ìwọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọnà lórí ohun méjì tó tako ara wọn, kọ́kọ́ gbèjà èyí tí o kò fẹ́ràn. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ kíákíá, má tíì bẹ̀rẹ̀.