Àlàó Kọ́ Ló Pa Kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù January, tí ọyẹ́ mú gan-an nílùú Ìlọrin, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà wa ní pálọ̀, mò ń túmọ̀ ìròyìn kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́fíìsì. Mo ti parí ojú ìwé 3, mi ò sì tíì tọ́jú ìkankan pa mọ́. Lójijì, kọ̀ǹpútà kú.

Iná ò lọ, torí gílóòbù ṣì ń tàn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, wà lábẹ́ tábìlì níbi tí àpótí kọ̀ǹpútà wà, ó ń wá pẹ́ńsù rẹ̀.

“Àlàó, o ti pa á!”

“Mọ́mì, mi ò fọwọ́ kàn án o.”

Mi ò gbọ́. Mo ní kó kúnlẹ̀, mo sì ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹkún ló sun tó fi sùn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di Thursday, Àlàó wà nílé ìwé, èmi nìkan ni mo wà nílé. Kọ̀ǹpútà tún kú. Mo kàn ń wo abẹ́ tábìlì tó ṣófo.

Mo pe àbúrò ọkọ mi tí mo máa ń pè ní Ẹnjiníà, torí iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó ní: “Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ bó ṣe ń kú ná.” Mo ṣọ́ ọ. Tí mo bá tàn án, ó máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Tí mo bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kì í pé ìṣẹ́jú 5 tó fi ń kú. Àmọ́ tí mo bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, á tún pẹ́ díẹ̀. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára UPS, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, síbẹ̀ bákan náà ni. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó ní: “Ó jọ pé ooru ni.”

Mo tún wo Event Viewer tó wà nínú Windows. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni Kernel-Power 41. Kò túmọ̀ sí ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ohun tó pa á. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo ti dárúkọ ẹni tó pa á.

Lọ́jọ́ Saturday, Ẹnjiníà dé. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó gbé àpótí náà síta, ó sì ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti dì bí òwú sára fáànù àti irin tó ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ibi tí mo gbé e sí tún dá kún un: orí rọ́ọ̀gì ló wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, atẹ́gùn ò ráàyè kọjá. Ẹnjiníà ṣàlàyé pé tí ọ̀pọ̀ irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá ti gbóná dé nǹkan bí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kó má bàa bà jẹ́.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló fi gbọn eruku náà, ó sì fìka di fáànù mú kó má bàa yí. Ó nu pẹ́ẹ̀sì tó ti gbẹ láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin náà, ó fi tuntun sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọn eruku tiyín, ẹ má fi omi sún mọ́ ọn, ẹ má sì ṣí àpótí irin kékeré tí iná ń gbà wọlé. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà.

Àlàó ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Ó wojú mi, ó ní: “Mọ́mì, ṣé eruku ni?”

“Eruku ni.”

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni mo pẹjọ́, èmi náà ni mo dá a. Mo pe ọmọ mi sínú yàrá, mo ní: “Àlàó, má bínú. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn ọ́ kì í ṣòótọ́.”

Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé tí ìyá bá bẹ ọmọ, ọmọ ò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Ní báyìí, orí àga kékeré ni àpótí kọ̀ǹpútà wa wà, ó jìnnà sí ògiri, mo sì máa ń tọ́jú iṣẹ́ mi pa mọ́ tí mo bá ti parí ìpínrọ̀ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàó fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní kíṣìnì pé òun ti fọ́ ife kan. Kò sẹ́ni tó bi í.